Ta Ló Ni Ògiri? Òfin Ìlú Lórí Pósítà Àwọn Olóṣèlú

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó rò: ìwé ìpolongo tí àwọn olóṣèlú ń lẹ̀ mọ́ ògiri wa, tí wọ́n ń so mọ́ òpó iná wa, tí wọ́n ń fi kọ́ ara afárá wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi. Nígbà tí màmá wa fi ayé sílẹ̀, àwa ọmọ dáwó jọ, a kun ilé wọn n'Íbàdàn ní ọ̀dà funfun. Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn, mo ka pósítà mẹ́rìnlá lára ògiri iwájú ilé: ojú ọkùnrin kan náà, ẹ̀rín kan náà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orígun ilé. Èmi àti àbúrò mi bu omi, a fi rẹ ìwé náà, a fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bí sítáàṣì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ṣe ń bọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà ilé ń bá a bọ́. A kò tíì họ ìdajì tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta fi dé bá wa. Wọ́n bi wá pé ẹgbẹ́ wo la ń ṣe tí a fi ń fa àwòrán ọ̀gá àwọn ya. Mo ní a kò ṣe ẹgbẹ́ kankan, òkú ìyá wa la fẹ́ sin. Wọ́n ní kí a fi èyí tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà. A fi í sílẹ̀. Ojú ẹni tí màmá wa kò mọ̀ rí ló sìn wọ́n jáde nílé wọn.

Ìbéèrè tí mo bi ara mi lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ta ló ni ògiri? Ṣé onílé ni, àbí olóṣèlú tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lóru? Ògiri ilé ìwé ńkọ́? Òpó iná ńkọ́? Ta ló láṣẹ láti sọ pé kí a lẹ̀ ẹ́, ta ló sì láṣẹ láti sọ pé kí a fà á ya?

Èrò ọkàn mi lórí rẹ̀ kò gùn. Ó yẹ kí ìlú ṣòfin lórí ibi tí a ń lẹ ìwé sí, bí ìwé náà ṣe tóbi tó, ọjọ́ tí a ó lẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ tí a ó yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n òfin náà kò gbọdọ̀ wo ojú ẹni tó wà nínú àwòrán, ẹni tó sì ń dupò kò gbọdọ̀ ní àṣẹ lórí ọwọ́ tó ń fa pósítà ya.

Iṣẹ́ tí pósítà ń ṣe fún ìlú

Kí n tó bá pósítà wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí rẹ̀. Láti ayé ìṣèlú àwọn bàbá wa ni àwòrán ti ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ nìkan kò lè ṣe. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni wọ́n ń pe Action Group, nítorí igi ọ̀pẹ tó jẹ́ àmì wọn. Àkùkọ ni ti NCNC. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà mọ ọ̀pẹ yàtọ̀ sí àkùkọ. Ní ìdìbò ààrẹ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993, ẹṣin ni àmì ẹgbẹ́ SDP tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá fi dìje, idì sì ni ti NRC. Àwòrán wọ̀nyí ló mú kí àgbẹ̀ àti alájàpá lè dìbò láìjẹ́ pé ẹnì kan di ìka wọn mú.

Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìwé ìdìbò tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, ń tẹ̀ kò ní àwòrán olùdíje, kò sì ní orúkọ rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ àti lẹ́tà ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló wà lójú rẹ̀. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, ẹgbẹ́ 18 ló fa olùdíje kalẹ̀, àmì 18 ló sì tò sórí ìwé kan ṣoṣo. Níbo ni olùdìbò yóò ti mọ̀ pé ẹni báyìí ló ni àmì báyìí? Ara ògiri ni. Pósítà ló ń so ojú èèyàn pọ̀ mọ́ àmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá fa pósítà olùdíje kan ya ní gbogbo àdúgbò, a ti já okùn tó wà láàárín òun àti àmì tí olùdìbò yóò bá lórí ìwé. Ìdí nìyí tí fífa pósítà ya kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ẹ tún wò ó níhà ti owó. Olówó lè ra àyè lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n, àti lórí pátákó ńlá tó ń tan iná lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ọmọ tálákà tó fẹ́ di kánsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n bí i sí, pósítà bíi mélòó kan, garawa sítáàṣì kan àti búrọ́ọ̀ṣì kan ni gbogbo ohun ìjà rẹ̀. Bí ìlú bá fòfin de pósítà pátápátá, olówó kò ní pàdánù púpọ̀. Tálákà ni yóò di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Abala 39 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 1999, fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn wọn jáde, àti láti tan ìmọ̀ràn kálẹ̀ fún ẹlòmíràn. Pósítà jẹ́ ọ̀kan lára ẹnu tí a fi ń sọ ọ́.

Àmọ́ ẹnu ẹnì kan kò gbọdọ̀ dí ojúlé ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfarakanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri kì í ṣe ojú ọ̀run. Ògiri ní òpin, ó sì ní olówó. Ẹyẹ méjì kò lè bà sójú kan náà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí pósítà ẹgbẹ́ kan fi ń gun orí ti èkejì, tí àwọn ọmọ tó ń lẹ̀ ẹ́ fi ń pàdé lóru tí orí ń fọ́. Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibi tí kò bá sì ti sí ẹ̀ṣẹ̀, alágbára ni adájọ́.

Òfin tó wà nílẹ̀

Èèyàn púpọ̀ rò pé kò sí òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin wà, ó sì pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Nínú àfikún kẹrin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àkóso ìpolówó ìta gbangba àti pátákó ìpolówó jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ káńsù. Ó wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ọjà, itẹ́ òkú, iná ojú títì àti kíkó ìdọ̀tí. Àwọn tó kọ òfin náà rò ó dáadáa: ẹni tó wà nítòsí ògiri ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ̀.

Èkejì ni òfin ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin ọdún 2006 dá àjọ LASAA sílẹ̀ láti máa bójú tó pátákó àti ìpolówó ìta gbangba. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní OGSAA, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní OYSAA. Àwọn àjọ wọ̀nyí ló ń gbowó pátákó, tí wọ́n ń fúnni ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì ń rán òṣìṣẹ́ jáde láti yọ èyí tí kò bófin mu. Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lẹ nǹkan mọ́ afárá, òpó iná àti ohun ìní ìjọba. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ìwé òfin kọ sábẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà jù.

Ẹ̀kẹta ni Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí a fi dìbò gbogbogbòò ọdún 2023. Abala 94 ní kí ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ní 150 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò, kí ó sì parí nígbà tó bá ku wákàtí 24. Ẹ kà á wò: ìpolongo ipò ààrẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìdìbò sì wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023. 150 ọjọ́ gééré ni. Abala 92 fòfin de ọ̀rọ̀ èébú tó lè dá ìjà ẹ̀sìn tàbí ti ẹ̀yà sílẹ̀, ó sì tún ní kí wọ́n má fi ilé ìjọsìn, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìjọba ṣe ibi ìpolongo. Abala 95 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ lo ohun èlò ìjọba láti gbe ẹgbẹ́ kan tàbí láti fi ni ẹgbẹ́ mìíràn lára. Abala 126 wá sọ nípa ọjọ́ ìdìbò gan-an: láàárín 300 mítà sí ibùdó ìdìbò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàfihàn ìwé, àmì tàbí àwòrán tó jẹ mọ́ ìdìbò náà.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀tọ́ onílé, tí ó dàgbà ju gbogbo òfin ìwé lọ. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ògiri ilé mi bí n kò bá fàyè gbà á. Ẹni tó kọ ọ́ sára ilé rẹ̀ pé kí wọ́n má lẹ ìwé mọ́ ọn, kò bẹ̀bẹ̀, àṣẹ ló pa.

Ibi tí ògiri ti lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òfin wa lanu ní ibi mẹ́rin.

Èkínní, Òfin Ìdìbò 2022 dá ọjọ́ tí ìpolongo yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá ìjìyà fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́. Àjọ INEC fúnra rẹ̀ ké gbàjarè lórí èyí ní ọdún 2025, nígbà tí pósítà ìdìbò ọdún 2027 ti gba ojú títì kan. Ẹni tó pa òfin mọ́ ni yóò dé ibi ògiri lẹ́yìn, tí yóò sì bá a pé ó ti kún.

Ìkejì, òfin náà dákẹ́ lórí ẹni tí yóò yọ pósítà lẹ́yìn ìdìbò. Ẹ rìn yí àdúgbò yín ká. Ẹ ó rí olùdíje tó ti wọlé, tó ti lo sáà rẹ̀ tán, tí àwòrán rẹ̀ ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára òpó. Òjò pa á, oòrùn pa á, ó já sínú gọ́tà, ó sì dí omi. Olùdíje ti náwó láti lẹ̀ ẹ́. Owó ìlú ni wọ́n fi ń gbá a.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ 300 mítà, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ibùdó ìdìbò 13,325 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2023. Bí ẹ bá fa òbìrí 300 mítà yí ibùdó kan ká, ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin kìlómítà oníhà mẹ́rin. Bí ẹ bá wá to gbogbo òbìrí 13,325 náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ju 3,700 kìlómítà oníhà mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, ilẹ̀ àti ọ̀sà pọ̀, kò ju nǹkan bíi 3,577 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ ìdìbò ọdún 2023, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ògiri kan ní Mushin, ní Agége, ní Ṣómólú tàbí ní Erékùṣù Èkó tí kò sí nínú òbìrí tí òfin kọ̀. Pósítà tó wà níbẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ yẹn lòdì sí ohun tí òfin ń fẹ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá jọ rú òfin kan náà, ọlọ́pàá ló kù tí yóò yan ẹni tí yóò mú, ẹni tí kò lágbára ni wọ́n sì máa ń mú.

Ìkẹrin ló burú jù, òun ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó di òfin mú. Gómìnà ló ń yan ọ̀gá àjọ pátákó ní ìpínlẹ̀. Gómìnà náà ní ẹgbẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì lè máa dìje. Bí òṣìṣẹ́ bá jáde ní òru láti yọ pósítà tí kò bófin mu, ta ni yóò gbà pé ìwé ọ̀gá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ? Ní gbogbo ìgbà ìdìbò la ń gbọ́ ẹkún ẹgbẹ́ alátakò ní ìpínlẹ̀ kan tàbí òmíràn, láìka ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà sí. Ẹgbẹ́ tó ń sunkún ní ìhín ni ẹgbẹ́ tó ń mú àwọn mìíràn sunkún ní ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Anambra bu owó lé ìpolongo: kí olùdíje ipò ààrẹ san mílíọ̀nù 10 náírà, kí ẹni tó ń lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ san mílíọ̀nù 1, kí wọ́n tó lè gbé àwòrán wọn síta. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ kankan nínú òfin bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní mílíọ̀nù kan, wọ́n ti fi owó náà tì í jáde.

Bí àwọn ìlú mìíràn ṣe wọ̀n ọ́n

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ bá ìṣòro yìí pàdé. Ẹjọ́ ìlú mẹ́ta ní Amẹ́ríkà lórí rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ orílẹ̀-èdè wọn, ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dára fún wa láti kọ́gbọ́n.

Èyí àkọ́kọ́ ni Los Angeles. Ní ọdún 1979, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roland Vincent ń dupò ní ìgbìmọ̀ ìlú náà. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní kí a so pátákó pálí mọ́ òpó iná kiri. Òfin ìlú sì ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so nǹkan mọ́ ohun ìní ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n ń tú wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n yẹ ìwé iṣẹ́ wọn wò: láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ yọ ìwé àti pátákó 1,207, 48 péré ló jẹ́ ti Vincent, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù ló sì jẹ́ ti àwọn oníṣòwò. Wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1984, ilé ẹjọ́ dá ìlú náà láre, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Òpó iná jẹ́ ti gbogbo ìlú, ìlú sì lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má so nǹkan mọ́ ọn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gba ẹnì kan láàyè kí ó sì lé ẹlòmíràn.

Èkejì ni Ladue, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ St. Louis. Ní oṣù kejìlá ọdún 1990, nígbà tí ogun ń rú bọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, obìnrin kan, Margaret Gilleo, ri pátákó kan mọ́lẹ̀ níwájú ilé ara rẹ̀. Íǹṣì 24 sí 36 ni, ó fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má jagun. Pátákó náà pòórá. Ó ri òmíràn, wọ́n bì í ṣubú. Ó lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì sọ fún un pé òfin ìlú kò gba irú pátákó bẹ́ẹ̀ láàyè rárá, nítorí ẹwà ìlú. Ó pe ìlú lẹ́jọ́. Ó wá fi ìwé pélébé kan tó fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà sí ojú fèrèsé òkè ilé rẹ̀. Ní ọdún 1994, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán panu pọ̀, wọ́n dá a láre. Ẹwà ìlú ṣe pàtàkì, àmọ́ kò tó láti pa onílé lẹ́nu mọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Òfin tó sọ pé olóṣèlú kò gbọdọ̀ fipá lẹ nǹkan mọ́ ògiri mi ni òfin tó gbọ́dọ̀ sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fipá yọ èyí tí èmi fúnra mi lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Gilbert, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Àwọn tó ṣòfin ìlú yìí pín pátákó sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Èyí tó bá sọ èrò ọkàn lè tóbi tó ẹsẹ̀ bàtà oníhà mẹ́rin 20, kò sí ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ti ìdìbò lè tóbi tó 32, láti 60 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé títí di ọjọ́ 15 lẹ́yìn ìdìbò gbogbogbòò. Èyí tó ń júwe ọ̀nà ibi ìpéjọpọ̀ kò gbọdọ̀ ju 6 lọ, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 12 lọ ṣáájú ètò, wákàtí kan péré lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọ kékeré kan tí kò ní ilé tirẹ̀, tó ń yá ibi ìjọsìn kiri, kò ráyè tó láti júwe ọ̀nà fún àwọn ọmọ ìjọ. Olùṣọ́-àgùntàn wọn, Clyde Reed, pe ìlú lẹ́jọ́. Ní ọdún 2015, gbogbo adájọ́ tún panu pọ̀, wọ́n dá ìjọ náà láre, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ pé òfin tó bá tìtorí ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn ti kọjá àyè, àyàfi bí ìlú bá lè fi ìdí tó lágbára gidi hàn. Ẹ wọn pátákó pẹ̀lú tépù. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fàyè gba kí a lẹ ìwé mọ́ òpó iná, àmọ́ ẹ̀dà ìwé kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì kan láàárín oríta méjì, kò gbọdọ̀ lò ju 180 ọjọ́ lọ, èyí tó bá sì jẹ mọ́ ètò kan, bí ìdìbò, gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ní tirẹ̀ pa á láṣẹ fún ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan láti ya ibi pàtàkì sọ́tọ̀ fún pósítà, kí àyè olùdíje kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Bí ìdìbò bá dé, wọn a to pátákó irin sí iwájú ibùdó ìdìbò, nọ́ńbà a wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyè olówó kò fẹ̀ ju ti tálákà lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló wù mí jù.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣe

Ẹ̀yin alága àti kánsílọ̀ tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé òfin kọ orúkọ yín sára iṣẹ́ yìí. Ẹ gbà á padà.

Kí káńsù kọ̀ọ̀kan gbé pátákó ìlú kalẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ní ẹnu ọjà, ní ibùdókọ̀, níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Kí wọ́n pín in sí ojú-ojú tó dọ́gba, ojú kan fún ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n sì fi ìbò mú ẹni tí yóò wà lókè àti ẹni tí yóò wà nísàlẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ 18, kí ojú náà jẹ́ 18. Káfíńtà àdúgbò lè ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni kí àyè yìí jẹ́.

Kí òfin káńsù sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé ohun ìní ìlú, bí afárá, òpó iná, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, kò gba pósítà ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, ìbáà jẹ́ ti alátakò, ìbáà jẹ́ ti oníṣòwò. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, òṣìkà ni. Òfin tó wo ojú ẹnì kan ló gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá.

Ní ti ògiri aládàáni, kí ìwé tí onílé fọwọ́ sí nìkan jẹ́ àṣẹ. Bí onílé bá ní òun kò fẹ́, olùdíje tí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ ni yóò san owó ọ̀dà. Bí onílé bá sì lẹ ti ẹni tó wù ú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án.

Kí ọjọ́ yíyọ hàn kedere. Kí ilẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò tó ṣú, kí gbogbo àyíká ibùdó ìdìbò ti mọ́, kí a má bàa sọ gbogbo ìlú di arúfin lówúrọ̀ ọjọ́ kejì. Láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn ìdìbò, kí èyí tó kù kúrò pátápátá. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi owó ìdúró sílẹ̀, owó kékeré tó dọ́gba fún gbogbo wọn, tí wọn yóò gbà padà bí wọ́n bá gbá ibi tí wọ́n bà jẹ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí iṣẹ́ yíyọ má wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dupò. Kí òṣìṣẹ́ káńsù má jáde láìjẹ́ pé aṣojú àwọn ẹgbẹ́, aṣojú ọjà àti ti onílé wà níbẹ̀. Kí wọ́n jáde ní ọ̀sán gangan. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n yọ sílẹ̀, kí wọ́n kọ ti ẹgbẹ́ tó jẹ́, kí wọ́n sì lẹ àkọsílẹ̀ náà mọ́ ojúde káńsù kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ Los Angeles kọ sílẹ̀ lọ́dún 1979 wà lára ohun tí adájọ́ yẹ̀ wò. Ìlú tí kò bá kọ iye tó yọ, kò ní ohun tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fún ní garawa sítáàṣì lóru, mo ní ọ̀rọ̀ fún yín kí n tó jókòó. Ẹni tó rán yín ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń gun òpó iná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ọwọ́ tó ń ba ògiri ìyá yín jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn olùdíje kan, ẹ lọ bá onílé, ẹ kí i, ẹ tọrọ àyè. Bí ó bá gbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sán. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin olùdíje, ẹ rántí pé iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ fún ìlú ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dépò. Ọ̀nà tí ẹ gbà lẹ pósítà yín ni a ó fi mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà ṣèjọba. Ẹni tó gba ògiri opó láìtọrọ, yóò gba ilẹ̀ rẹ̀ bí ó bá dé ọ́fíìsì. Ẹni tó fa àwòrán alátakò ya lónìí, yóò fa ìwé ìdájọ́ ya lọ́la.

Ilé màmá wa ṣì wà n'Íbàdàn. A ti tún un kùn. Lára ògiri iwájú, mo kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà ńlá pé kí ẹnikẹ́ni má lẹ ìwé mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí n kò ní nílò láti kọ ọ́ mọ́, torí pé òfin káńsù yóò ti sọ ọ́ fún mi, àti fún ẹni tí kò mọ̀wé kọ pẹ̀lú. Ìdìbò mìíràn ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí òfin ti wà nílẹ̀ kí garawa sítáàṣì tó jáde.